Iṣẹ́ Tí Ọpọlọ Rán Sí Ẹsẹ̀

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Dọ́pẹmu, ní Èkó, ẹsẹ̀ tó gbẹ kì í ṣe ohun àjèjì lójú wa. Ó wà nínú kíláàsì wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó wà lójúlé kejì sí tiwa, ó wà láàárín àwọn ọmọ tó ń tò sídìí ẹ̀rọ omi. Ọmọ tó ní in a máa fi àtẹ́lẹwọ́ ti itan rẹ̀ bó ṣe ń rìn, ìgbésẹ̀ kan, ọwọ́ kan, nítorí iṣan iwájú itan tó yẹ kó mú orúnkún dúró gbọn-in kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọwọ́ ló sì ń bá a ṣe é. A kò mọ ìdí yẹn nígbà náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, òun ni yóò ṣọ́ gólì, àti pé apá rẹ̀ le ju tiwa lọ.

Lónìí, ọmọ wa lè dàgbà láàárín Àkọ́wọ́njọ àti Ẹ̀gbẹ́dá, kó kàwé tán, kó máa ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù, kó má sì ní ojúgbà kan tó ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń rí ti dàgbà, ọjọ́ orí wa ni wọ́n wà. Ó ń rí wọn lábẹ́ bíríìjì, lórí pátákó onítáyà kéékèèké, tí wọ́n ń yí láàárín dánfó àti kórópe. Ó ń rí òmíràn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Yóò béèrè pé, "Dádì, kí ló ṣe wọ́n?" Orúkọ àìsàn náà la fi ń dá a lóhùn: rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, a sì ń pè é ní pólíò bí ọmọ náà kò bá gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ nìkan kò tó. A jẹ ọmọ náà ní gbèsè àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, gbèsè tí a sì jẹ àwọn ojúgbà wa tó wà lórí pátákó ju ìyẹn lọ.

Àlàyé tí àwọn àgbà ṣe fún wa pọ̀. Wọ́n ní ọmọ náà tẹ ẹbọ ní oríta. Wọ́n ní ìyá ọkọ kò fẹ́ ìyàwó, ẹsẹ̀ ọmọ ló sì fi gbẹ̀san. Àwọn tí ojú àánú wọn pọ̀ jù ní ẹni òrìṣà ni, pé bí Ọbàtálá ṣe mọ ọ́n nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ èébú, a kò sì ní ṣàìdúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn tọ́jú. Wọ́n fi òrí ra á. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí orúnkún. Wọ́n gbẹ́ ihò sínú yanrìn, wọ́n ri ọmọ mọ́ ibẹ̀ dé ìbàdí kó lè kọ́ bí a ti ń dúró. Ọmọ á máa sunkún nínú oòrùn, ìyá á máa sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kí ìfẹ́ tí a ní sí ayé àtijọ́ bo èyí mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà tí wọ́n pè ní àjẹ́ nítorí ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé orúkọ náà wọ sàréè, kò sì sí ẹni tó padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹsẹ̀ náà kò ní àbùkù kankan lọ́jọ́ tó dákẹ́. Eegun rẹ̀ pé, awọ rẹ̀ pé, iṣan rẹ̀ pé. Bí ẹ̀gún bá gún un, ọmọ á ké, nítorí pólíò kì í mú ìmọ̀lára lọ. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí i ni kò dé mọ́. Ìgbésẹ̀ tí ẹ̀dá bá fẹ́ gbé, inú ọpọlọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń gba mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, níbẹ̀ ló sì ti ń dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan tí okùn rẹ̀ tín-ín-rín gùn láti ẹ̀yìn lọ bá iṣan ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú okùn bẹ́ẹ̀ tó lọ papọ̀ ni dókítà ń pè ní nẹ́ẹ̀fù. Iṣẹ́ tí okùn náà ń gbé jẹ́ iná mànàmáná kékeré, ó sì ń sáré ní ìwọ̀n mítà 50 sí 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kòkòrò pólíò a máa wọ inú mùdùnmúdùn yẹn, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn gan-an ló sì ń pa. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kú, okùn rẹ̀ á kú. Iṣan á wà nísàlẹ̀, á máa retí iṣẹ́ tí kò ní dé. Bó bá sì pẹ́ tí kò rí iṣẹ́ gbà, á rù, á gbẹ. Ọwọ́ tó ń fi òrí ra orúnkún jìnnà sí ibi tí ọ̀ràn wà.

Bí a bá tẹ̀lé àwọn ìyá wa lọ ra ẹran ọdún ní Agége, a máa ń rí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tó ń gbọ̀n lórí pátákó alápatà. Màlúù ti kú, orí rẹ̀ wà níbòmíràn, itan rẹ̀ ṣì ń sún kì-kì. Wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀mí rẹ̀ kò tíì lọ tán. A gbà bẹ́ẹ̀, a kò sì jẹ́ fọwọ́ kàn án. Luigi Galvani, ará Ítálì, ti rí ohun tó jọ ọ́ lára àkèré ṣáájú kí wọ́n tó bí àwọn bàbá ńlá wa. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1791, ó sọ níbẹ̀ pé bí iná mànàmáná bá kan nẹ́ẹ̀fù ẹsẹ̀ àkèré tó ti kú, ẹsẹ̀ náà á ta.

Oko-Ọba ni wọ́n ti ń pa ẹran fún wa báyìí, ẹran náà sì ṣì ń gbọ̀n, àmọ́ àlàyé rẹ̀ ti wà. Àwọn tó tẹ̀lé Galvani rí i pé iná tó wà nínú nẹ́ẹ̀fù kì í fò bọ́ sórí iṣan. Àlàfo wà láàárín méjèèjì, ó sì kéré débi pé bí a bá to 20,000 irú rẹ̀ tira, kò ju mílímítà kan lọ. Bí iná bá dé etí àlàfo náà, kálísíọ̀mù á wọ ẹnu nẹ́ẹ̀fù, àwọn àpò kéékèèké tó wà níbẹ̀ á ya, ohun tó wà nínú wọn á dà jáde. Acetylcholine ni wọ́n ń pè é. Henry Dale àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló fi hàn ní 1936 pé òun ló ń gbé iṣẹ́ kọjá sí iṣan. Bó bá ti dé òdìkejì, á di mọ́ ibi tí iṣan ti ń gbà á, sódíọ̀mù á wọlé, iná tuntun á dìde lára iṣan fúnra rẹ̀, á sì gba àwọn ihò tóóró wọ inú rẹ̀ lọ.

Inú lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ ti ń di ìṣe. Kálísíọ̀mù tí iṣan ti kó pamọ́ á tú jáde, á sún ohun tó dí fọ́nrán méjì lọ́wọ́ láti di ara wọn mú. Orúkọ wọn ni myosin àti actin. Myosin á na orí sí actin, á fà á, á tú u, á tún nà, á tún fà, títí àwọn fọ́nrán yóò fi yọ́ wọ àárín ara wọn tí iṣan yóò sì súnkì. Àwọn méjì-méjì, tí apá kọ̀ọ̀kan ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀, Hugh Huxley pẹ̀lú Jean Hanson, Andrew Huxley pẹ̀lú Rolf Niedergerke, ló kéde rẹ̀ lọ́dún 1954, nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn wa ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Àwọn òbí wa wà lára àwọn tó jàǹfààní ẹ̀kọ́ náà. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní èyí.

Kí ẹsẹ̀ súnkì kò tó. Ó gbọ́dọ̀ lè tú. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú àlàfo náà tó ń gé acetylcholine kúrò lójú ọ̀nà kíá. Kálísíọ̀mù á padà sínú àpò rẹ̀. Myosin pàápàá nílò agbára tí wọ́n ń pè ní ATP kó tó lè jọ̀wọ́ actin. Ẹran tó ń gbọ̀n lórí pátákó ṣì ní ATP díẹ̀ lára. Òkú tó ti pẹ́ kò ní in mọ́, àwọn fọ́nrán di ara wọn mú, kò sí ohun tí yóò tú wọn, ìdí nìyẹn tí òkú fi ń gan. Àwọn àgbà tó ń wẹ òkú ní àdúgbò mọ ìgbà tó ń gan, wọ́n mọ ìgbà tó ń rọ̀ padà, wọn kò sì ka ìwé kan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ wọn nínú èyí péye. Ohun tí ojú rí ni wọ́n mọ̀, pólíò sì wà níbi tí ojú kò tó.

Báwo ló ṣe wọlé sí wa lára? Kànga wa wà lẹ́yìnkùlé, ṣaláńgá wà lẹ́yìnkùlé kan náà. Bí òjò bá rọ̀, gọ́tà á kún, a máa ń wọ inú rẹ̀ lọ mú bọ́ọ̀lù, ọwọ́ yẹn náà la fi ń jẹ gúgúrú. Nínú ìgbẹ́ ẹni tó ní kòkòrò náà ló ti ń jáde, ẹnu ẹlòmíràn ló ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ wa ló gbé e mì. Nínú nǹkan bí 200 ènìyàn tó bá kó o, ẹnì kan péré ni yóò rọ. Àwọn yòókù á ní ibà díẹ̀, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ mọ̀. Omi tí olùṣọ́ gólì wa mu ni àwa náà mu. Àwa ń sáré, òun ń fi ọwọ́ ti itan, kò sì sí ìwà rere tàbí búburú ilé kankan nínú rẹ̀.

Kànga ti lọ, ṣaláńgá ti lọ. Bohòlù àti sokawé la ní báyìí, wọ́n sì tún wà nínú ọgbà kan náà, nítorí pé ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, àgbègbè wa, ti kún, kò sí àyè láti ya wọ́n nípa. Omi tó ń jáde mọ́ lójú. Tiwa nígbà náà náà mọ́ lójú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìyá máa ń sọ nígbà yẹn, tí àwọn tó kàwé fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì yẹ kí a padà sídìí rẹ̀. Wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́ ló rọ ọmọ mi lẹ́sẹ̀." Ibà mú ọmọ, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò, ó gún un ní ìdí, ilẹ̀ mọ́, ọmọ kò lè dìde. Wọ́n dá ìyá lóhùn pé àìmọ̀kan ló ń dà á láàmú, pé pólíò ni, abẹ́rẹ́ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé ọwọ́ abẹ́rẹ́ kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí kòkòrò pólíò bá ti wà lára ọmọ, abẹ́rẹ́ tí a gún sínú iṣan lè là ọ̀nà fún un dé mùdùnmúdùn ẹ̀yìn, kí ó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ tí a gún gan-an ni yóò rọ. Bí kò bá sì sí pólíò rárá, abẹ́rẹ́ tó bá ba nẹ́ẹ̀fù ńlá tó gba inú ìdí kọjá lè gé iṣẹ́ kúrò lórí ẹsẹ̀, kí ọmọ máa wọ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìyá náà rí ohun tó rí. Ó tọ́ kí a ti fetí sí i.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò ti di kẹ́mísìtì onílẹ̀kùn gíláàsì, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti POS. Abẹ́rẹ́ ibà kò tíì kúrò níbẹ̀. Àwa òbí ló ń béèrè fún un, a gbà pé abẹ́rẹ́ yá ju oògùn oníhóró lọ, a ń kánjú, iṣẹ́ ń dúró dè wá. Ọmọ tí ìdí rẹ̀ kò tíì lẹ́ran, nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ kò jìnnà sí awọ. Bí ẹ bá gbé ọmọ ọwọ́ lọ gba àjẹsára, ẹ wo ibi tí òṣìṣẹ́ ìlera sábà máa ń gún: ẹ̀gbẹ́ iwájú itan ni, nítorí nẹ́ẹ̀fù ńlá yẹn kò gba ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gún ọmọ yín ní ìdí láìsí ìwé dókítà, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níwájú rẹ̀.

Àìsàn mìíràn, ipá, tí dókítà ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì, náà pa nínú wa, òun sì ni òdìkejì pólíò. Abẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gé ìwọ́ ọmọ, tàbí ohun tí wọ́n fi sí ojú ìwọ́, ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ wọlé. Oró rẹ̀ á lọ dí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ fún iṣan pé ó tó, kó sinmi. Iṣẹ́ ń dé, ń dé, kò sí ìdádúró. Ẹnu ọmọ á pa dé, kò ní lè mu ọmú, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun.

Orí rédíò la ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àwọn àìsàn wọ̀nyí papọ̀. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àjẹsára fún gbogbo ọmọdé ní 1979, ṣùgbọ́n ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992, ni ó wọlé wá bá wa. Orin rẹ̀ wà lẹ́nu wa bí orin ìṣeré òṣùpá. Àwọn ìyá ń fi káàdì àjẹsára sínú àpò náílọ́ọ̀nù kan náà pẹ̀lú ìwé ìbí. A lè máa yangàn pẹ̀lú ìgbà yẹn, kí a sì fi kún un pé kò pẹ́. Lẹ́yìn tí ó kúrò, ètò náà ṣubú, fìríìjì tó ń pa oògùn mọ́ kò rí iná, àwọn àbúrò wa sì rọ nígbà tó yẹ kí ó ti tán.

Àwọn ọmọ wa bá èyí tó tẹ̀lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ tó gbé páálí oníyìnyín kọ́ èjìká ń kan ilẹ̀kùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán méjì lẹ́nu ọmọ, íǹkì lórí èékánná, ẹfun lára ògiri. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya dá a dúró nítorí ìròyìn pé ó ń sọ ọmọ di àgàn, Kánò sì lé iwájú. Àìsàn náà gba ibẹ̀ tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a sọ pé ti wọn ni. Àhesọ yẹn dé Dọ́pẹmu, àwọn kan láàárín wa sì ti ilẹ̀kùn. Oṣù Kẹjọ 2016 ni wọ́n rí ọmọ ìkẹyìn tí ògidì kòkòrò pólíò rọ ní Nàìjíríà, ní Bọ̀nọ́. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àìsàn tó ń rọ ọmọ 350,000 lọ́dún káàkiri ayé ní 1988 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ó yẹ kí a ti jó. Àjàkálẹ̀ Kòrónà ni a ń gbọ́ lójoojúmọ́ nígbà náà, a kò jó.

Kò sì tíì tán pátápátá. Kòkòrò tí wọ́n rọ̀ lágbára sínú oògùn ẹ̀kán lè máa kiri níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ti gba àjẹsára, tí omi kò sì mọ́, títí yóò fi gba agbára rẹ̀ padà. Irú èyí ṣì ń rọ ọmọ ní Nàìjíríà títí di 2024. Ọmọ tó gba àjẹsára tirẹ̀ pé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òbí tí kò rí ẹsẹ̀ gbígbẹ rí ni kì í kánjú, ó sì ti ń di àwọn òbí tó pọ̀ jù.

Kì í ṣe pólíò nìkan ló lè da iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán rú. Ní Kàlàbá láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn, wọ́n á fún un ní èso kan jẹ, esere ni àwọn Ẹfik ń pè é. Bó bá bì í, wọ́n á dá a sílẹ̀; bó bá kú, wọ́n á ní ó jẹ̀bi. Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní 1855 láti mọ ohun tó ń ṣe, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Ẹ́ńsáìmù tó ń gé acetylcholine nínú àlàfo ni oró inú èso náà ń dè lọ́wọ́. Iṣẹ́ á ṣù sójú kan, iṣan á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, á sì wá dákẹ́, títí kan èyí tí a fi ń mí. Láti inú oró kan náà ni Mary Walker ti rí ìwòsàn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1934 fún àwọn tí iṣan wọn kì í gbọ́ iṣẹ́ dáadáa, tí ìpéǹpéjú wọn ń ṣubú, tí wọn kò lè gbé oúnjẹ mì. Ohun tí wọ́n fi pa aláìṣẹ̀ ní etí òkun wa ló gbé aláìsàn dìde nílùú òyìnbó.

A kò fún ẹnikẹ́ni ní esere jẹ mọ́. Ọ̀tápíápíá wà lábẹ́ ibùsùn wa. Oògùn ẹ̀fọn àti aáyán ni a fi ń pè é, àwọn kan ń fín in sára ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ohun tí esere ń ṣe sí ẹ́ńsáìmù yẹn gan-an ló ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tí ayé sú ti mọ̀ ọ́n. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré mílílítà 100 irú èyí tó jẹ́ ti oko. Wọ́n ṣì ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí ẹnì kan bá gbé e mì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, epo pupa àti mílíìkì kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni, kíákíá, níbi tí atropine wà.

Nígbà tí a di géńdé, a po síméńtì sínú agolo ọ̀dà méjì, a fi irin gígùn sáàárín, a ní ohun tí a ó máa gbé. Olùṣọ́ gólì wa ló ń gbé e jù. Jíìmù ti wà ní gbogbo òpópónà báyìí, wọ́n ń gba owó oṣù, wọ́n ní dígí lára ògiri, a kì í sì í rí ojúgbà rẹ̀ kankan níbẹ̀ nítorí àtẹ̀gùn. Síbẹ̀ àwọn irú rẹ̀ ló gbé orúkọ Nàìjíríà ga jù lọ. Ní Ìdíje Paralympics ti Rio ní 2016, wúrà mẹ́jọ la gbà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ láti ibi gbígbé irin. Folashade Oluwafemiayo, tí pólíò mú ní kékeré, gba wúrà ní Tokyo, ó sì gbà á ní Paris ní 2024 nígbà tó gbé kílò 167, tí ẹnikẹ́ni ní ìpele rẹ̀ kò tíì gbé rí nígbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin, iṣan rẹ̀ kò tíì tóbi sí i. Nẹ́ẹ̀fù ló kọ́kọ́ ń kọ́ bí a ti ń ránṣẹ́ sí fọ́nrán púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá ojúgbà wa ti ń kọ́ ọ láti ìgbà tó ti ń ti itan rẹ̀.

A kì í pe ẹnikẹ́ni ní arọ lójú gbangba mọ́. Èkó ṣe òfin fún ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2019. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti rọ̀. Bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ tó jẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ṣì pọ̀ nílùú.

Ohun kan kù tí àwa tí a ń gbọ́ orúkọ àìsàn yìí láti kékeré kò gbọ́. Nígbà tí pólíò pa àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, àwọn fọ́nrán iṣan tí wọ́n ń bójú tó di ọmọ òrukàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yè ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n ń ṣe nílé wa bí àbúrò bá kú: wọ́n yọ ẹ̀ka tuntun, wọ́n nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ òrukàn náà, wọ́n kó wọn mọ́ tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí kò lè dìde lásìkò ọyẹ́ fi fi igi rìn kí ọyẹ́ mìíràn tó dé. Wọ́n ní òrí ló ṣe é, wọ́n ní yanrìn ni. Àwọn tó lówó ọkọ̀ gbé ọmọ lọ sí Ìgbóbì, ilé ìwòsàn tó ti wà láti 1945, wọ́n fi kálípà sí i lẹ́sẹ̀, ìyẹn ràn án lọ́wọ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ó sì ń rẹ̀ wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì tó ń bọ́ ìlọ́po mélòó kan àwọn fọ́nrán tó yẹ kó bọ́ kò lè ṣe é títí láé. Lẹ́yìn ọdún 15 sí 40, àwọn ẹ̀ka tuntun yẹn ń bẹ̀rẹ̀ sí í já, iṣan tó ti padà á tún máa lọ. Dókítà mọ̀ ọ́n, wọ́n ní nǹkan bí 25 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe pólíò ló ń bá pàdé. Ojúgbà wa tó ti ń dá dúró láti kékeré ń ṣubú nílé ìwẹ̀. Apá tó fi ń gbé irin ń ro ó. Ó ń jí pẹ̀lú àárẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ọ̀tá ilé ti padà dé, orúkọ ìyá àgbà tó ti kú sì tún wọ ọ̀rọ̀. Nílé, wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Àwọn ọmọdé tó ń kọ́ni ní jíìmù ní kó túbọ̀ máa lò ó kó lè le, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń pa á lára nìyẹn. Ìsinmi láàárín iṣẹ́, ìdarayá tí kò dé ibi àárẹ̀, kálípà tó fúyẹ́, kẹ̀kẹ́ arọ fún ọ̀nà jíjìn, ìwọ̀nyí ló ń dá sẹ́ẹ̀lì tó kù sí.

Bó bá dé ilé ìwòsàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dókítà tí kò rí ọmọ tí pólíò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ rí ní ayé rẹ̀ ni yóò jókòó níwájú rẹ̀. Kó tó kọ oògùn làkúrègbé fún un, kó bi í bóyá ó ṣe rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní kékeré, kó sì bi í pé ẹsẹ̀ wo ni. Lẹ́yìn náà, kó yẹ ẹsẹ̀ kejì wò dáadáa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹsẹ̀ rere, nítorí pólíò lè ti pa sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ náà láìsí ẹni tó mọ̀, òun ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ méjì láti ìgbà tí a wà ní kíláàsì kìíní.